Ilẹ̀ Tí Kò Gba Ibi Ọmọ

Haleemah kórìíra ekòló débi pé bí òjò bá dá, kò ní dé ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ohun tí kò lójú, tí kò lẹ́sẹ̀, tó ń yọ̀ bí ikun imú! 

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣàpọ́n, ekòló ló kún ibẹ̀. Igun kan wà níbẹ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Ràhámátù, ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Igun yẹn náà ni wọ́n ń sin ibi ọmọ gbogbo tí wọ́n bá bí nílé náà sí. Ibi ọmọ Abdulkabir, ọkọ Haleemah, wà níbẹ̀.

"Ìyàwó mi, ibí la máa sin ti ọmọ tìrẹ náà sí," ni ìyá wí. Ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀. Ekòló tó sanra bí ìka ọwọ́ ń lọ́ mọ́ra wọn. "Wò wọ́n! Ilẹ̀ yìí dára."

"Ẹ ṣé, mà," ni Haleemah dáhùn, ó sì sáré lọ bì. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Kí ohun tó bá ọmọ rẹ̀ jáde láti inú rẹ̀ wá di oúnjẹ irú nǹkan wọ̀nyẹn? Láéláé!

Iṣẹ́ àdìrẹ ló ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ìyá lọ sí oko rẹ̀ ní Odeda, ó gbé omi aró àlòkù, tòun ti sódà tó lè bó ọwọ́ ẹni, ó da garawa mẹ́ta sí igun náà. Àwọn ekòló tú jáde, wọ́n ń jà pìtìpìtì, awọ wọn ń bó, ara wọn ń hó. Ìríra fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ rọ, ó ní oòrùn ló pa á.

Ó bí obìnrin. Wọ́n sin ibi ọmọ síbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, ìyá ń kọ ilẹ̀ náà láti tún un gbìn, ọkọ́ rẹ̀ sì gbé nǹkan jáde.

"Haleemah! Wá wò ó."

Ibi ọmọ náà kò tíì jẹrà tán. Ó wú, ó ń yọ̀, ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Eṣinṣin bò ó.

"Ti ọkọ rẹ ti di iyẹ̀pẹ̀ kó tó tó báyìí. Kí lo dà síbí?"

Irọ́ wà lẹ́nu Haleemah, kò lè pa á. "Omi aró ni, mà. Mi ò fẹ́ kí ekòló jẹ ẹ́."

"Tí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. O wá pa àwọn tí ì bá bá wa júbà." Ìyá ju ọkọ́ sílẹ̀. "Fọwọ́ ara rẹ gbé e. À ń lọ sí Odeda."

Orí itan ni Haleemah gbé e lé nínú mọ́tò, nínú ike tí wọ́n dì pa, ó ń mí láti ẹnu. Ní oko Odeda, ìyá gbẹ́ ilẹ̀ dúdú, ekòló ń rọ́ gììrì níbẹ̀. Haleemah kúnlẹ̀. Omijé àti ikun imú gba ojú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán tẹ ibi ọmọ rẹ̀ sáàárín wọn. Ọ̀kan gun ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n nù.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ń bẹ̀ wọ́n, "ẹ jẹ ẹ́."