Fíìmù Tí A Kò Bá Sọ̀rọ̀

Nínú ilé wa, a máa ń bá fíìmù sọ̀rọ̀. Bí olè bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ọmọge, a ó kìlọ̀ fún ọmọge. Bí ọkùnrin bá ń purọ́ fún ìyàwó rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ ibi tó sùn fún ìyàwó. Fíìmù tó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa ló dára. Èyí tí a bá dákẹ́ sí, a ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ọkọ mi ló fi àṣà yìí sílẹ̀ fún wa kó tó papò dà, òun tó máa ń dìde dúró láti gba ẹni tí wọ́n ń nà sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi obìnrin kó fíìmù ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ilé sinimá kékeré tó wà ní ìkóríta ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó yan fíìmù kan tí wọn yóò fi ṣí gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn tí wọ́n tún un kùn. Bí èrò bá gbádùn rẹ̀, iṣẹ́ yíyan fíìmù di tirẹ̀. Bí wọ́n bá dìde kó tó parí, ó di ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní kó gbé wọn wá ká jọ wò wọ́n, pé ojú tó ti rí ọkọ, tó ti rí àna, kò sí fíìmù tí kò lè dá lẹ́jọ́.

Mo fi ìdí ńlá mi gba àga, ó jókòó sí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù fún mi. Ti Kòríà la kọ́kọ́ wò. Ìyá ọkọ kan ń fojú ìyàwó ilé rí màbo. Mo bú obìnrin yẹn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, àfi bí ìyàwó ọmọ mi ṣe yọjú láti ilé ìdáná tó ní, “Màmá, ṣé ẹ ò dá ara yín mọ̀ ni?” Mo ní kó lọ wo ohun tó ń sè kó má baà jóná.

Nínú ti Íńdíà, ọkùnrin kan fò láti orí òrùlé dé òrùlé, irun rẹ̀ kò tú. Èmi tí mo bá dìde lásán, orúnkún mi á ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní èyí ni ká gbé. Ti Faransé ńkọ́? Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ń fa sìgá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣáá, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n lọ wáṣẹ́ ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti ilẹ̀ olótùútù kan. Bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀ ti jà, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òrùlé bàbá ń jò, ọmọ sì wá bá a tún un ṣe. Kò kí i. Ó na pákó sí i, bàbá kàn án mọ́lẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí wọn yóò kà fún mi. Nígbà tí òjò dé, bàbá gbé ìkòkò sí ibi tó máa ń jò, àwọn méjèèjì ń wo inú ìkòkò. Ó gbẹ. Bàbá fa àga fún ọmọ. Ó tán.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ilé. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu: ta ni yóò sanwó wá wo òrùlé tó ń jò, nígbà tí tiwa ń jò lọ́fẹ̀ẹ́? Ìyàwó ọmọ mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ní òótọ́ ni mo sọ.

Ọmọ náà wò wá. “Èyí ni mo máa yàn.”

Mo ní ṣé iṣẹ́ ti sú u ni.

“Màmá àgbà, ẹ hanrun nínú ti Faransé. Ẹ lọ tọ̀ nígbà tí wọ́n ń fò nínú ti Íńdíà. Nínú èyí, ẹ ò mira.”

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ mi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní a dákẹ́ nítorí a kò rí nǹkan sọ ni.

“Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ má baà dí wọn lọ́wọ́ ni.”

Mo ní olórí kunkun bíi bàbá bàbá rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, èrò sì kún. Fíìmù dé ìdajì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ọmọ ọmọ mi bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó jóná. Ọmọ náà di ògiri mú. Ó ṣe mí bíi kí n kígbe sí bàbá inú fíìmù pé kó sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ èébú, kí ara èrò lè jí. Mo gé ètè mi jẹ. Bí bàbá ṣe gbé ìkòkò sílẹ̀, ẹnì kan wúkọ́, gbogbo ìlà iwájú sì yíjú padà bíi pé ó fẹ́ jí ọmọ ọwọ́ kalẹ̀ lójú oorun. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Iná tàn, wọn kò dìde. Ọ̀gá alára ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ wà ní ilẹ̀. Ó bi ọmọ ọmọ mi, lójú gbogbo èrò, pé kí ni yóò yàn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Obìnrin tó jókòó tì mí ń nu ojú, ó béèrè ẹni tó rí irú fíìmù yìí mú. Mo dìde, orúnkún ké, mo sì sọ ọ́ sókè kí àwọn ará ẹ̀yìn náà lè gbọ́:

“Ọmọ ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí bàbá ẹ̀. Mo ní kó má mú un, kò gbọ́ tèmi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.”