Ìyá Ọkọ Mi Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èmi ni mo bí bàbá rẹ̀, òun náà sì ni ìyá ọkọ mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jókòó dáadáa, ìdí mi ti ju àpótí yìí lọ.

Ìgbà tí Faransé ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí ni ìyá ọkọ mi kú, ní Pọ́bẹ̀ níbí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyàwó Séverin ọmọ mi bí obìnrin. Wọ́n gbé ọmọ tuntun fún mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó yọ ṣùtì sí mi. Mo figbe ta: "Yéè! Ìyá wa ti padà dé!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Yéwándé nìyẹn. Fadá ṣe ìrìbọmi fún un, ó pè é ní Berthe. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé èmi ìyàwó ilé ń pe ìyá ọkọ mi lórúkọ? "Ìyá wa" ni mò ń pè é, gbogbo agbo ilé sì bá mi pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá, torí ìyá rẹ̀ ti lóyún ìbejì ní Àjàṣẹ́, níbi tí Séverin ti ń ṣe akọ̀wé. Ni èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún bá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyàwó lákọ̀tun. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i, eékún mi á dún kàù bí igi gbígbẹ. Kó tó wo ìhà ibi tí ìkòkò omi wà, mo ti bu omi. Kó tó nawọ́ sí àkàrà, mo ti fẹ́ ẹ títí ó fi tútù. Ìyàwó tó gba ẹ̀kọ́ kì í bi ìyá ọkọ pé "Kí lẹ fẹ́?" Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo bi olóògbé bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi yàn mí lódì.

Báyìí ni ọmọ ṣe pé ọdún mẹ́rin tí kò sọ ju "hùn" lọ. Àgbọ̀n ló fi ń júwe ohun tó bá fẹ́.

Màrúfátù ọ̀rẹ́ mi, ará Sàkẹ́tẹ́ tó ń ta aṣọ, ní kí n fún un ní ahọ́n ewúrẹ́ jẹ kó lè fọhùn. Ó jẹ mẹ́ta, ó gùfẹ̀, ó fi àgbọ̀n júwe ìkòkò pé kí n bù sí i. Màrúfátù tún ní kí n wá ẹran ẹyẹ ẹ̀gà, pé kò sí ẹyẹ tó lẹ́nu tó o. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Èmi ni mo jẹ ìyókù. "Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ o!" ni Màrúfátù ń pariwo. "Ẹ̀gà wo ló tún kù tó fẹ́ wọ ẹnu tiyín?"

Nígbà tó yá, Séverin wọ rélùwéè wá wò wá. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní Berthe, Berthe, kò wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Màmá, bóyá adití ni. Màdáàmù Marcelline máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Dàkáàrì ló ti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé. Tó bá ní nǹkan ń ṣe é, màá mú un lọ sọ́dọ̀ Huguette, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ní Kútọnu, kó lè wà nítòsí ilé ìwòsàn ńlá."

Kútọnu! Ta ló máa wá máa tọ̀ sí mi lára? Mo búra nínú mi pé ọmọ yìí máa yege lọ́wọ́ Màdáàmù, bí mo tilẹ̀ máa bá a ṣe é.

Màdáàmù dé, ọmọge tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó gbé báàgì dání. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Berthe!" Ọmọ ń fìka tú yẹ̀pẹ̀. "Berthe!" Kò sí èsì. Màdáàmù kọ nǹkan sínú ìwé.

Ó yọ́ lọ sẹ́yìn ọmọ, ó fi ṣíbí lu agolo, gbàù! Ọmọ yíjú. Èmi fò sókè, ìró mi tú.

"Etí rẹ̀ dá," ni Màdáàmù wí. "Tiyín náà dá, Màmá."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. "Kí nìyí?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni!" ni mo dáhùn.

"Màmá, ọmọ ni mò ń bi."

"Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni mo bá a sọ yẹn."

Ó yọ ṣíbí. Mo panu mọ́, ṣùgbọ́n mò ń fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń lá ẹ̀kọ. Ó yọ ọmọláńgidi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣe bí ẹni pọnmọ, mo ń mi ìdí.

"Màmá!"

"Ẹ má bínú, Màdáàmù. Ara ló ń yún mi."

Ó bu omi fún mi nínú ife. "Ẹ mu ún, ẹ má gbé e mì. Ẹ fi sẹ́nu títí màá fi ní kẹ́ ẹ tu ú. Kẹ́ ẹ sì jókòó lé ọwọ́ yín."

Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́fà! Mo jókòó lé ọwọ́ ara mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́.

Màdáàmù kó hóró ṣúgà méjì sínú ìgò, ó dé e pinpin, ó fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Òun wá ń wo òrùlé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ọmọ yí ìdérí, kò ṣí. Ó gbé ìgò wá síwájú mi, ó fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. Mi ò mira. Ó tún fi àgbọ̀n júwe. Omijé lé ròrò sójú mi. Adìyẹ kan ń kọjá lọ, ó dúró, ó ń wò mí tàánútàánú. Ni ọmọ bá gbé ìgò sílẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ ìyàwó yìí! Ṣé oorun lò ń sùn ni? Ṣí i fún mi, kí n tó pe ọkọ ẹ!"

Omi tú yàà lẹ́nu mi. Ó ba Màdáàmù lójú, ó ba ìwé, ó ba adìyẹ. Mo dojú bolẹ̀: "Ẹ foríjì mí, Ìyá wa!" Mo já ìgò náà ṣí.

Màdáàmù nujú. "Ta ni Ìyá wa?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó fún imú rẹ̀ pọ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín, kò ràn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

"Màmá, etí rẹ̀ dá, ahọ́n rẹ̀ dá, ọpọlọ rẹ̀ pé. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà ilé ń sọ sí yín ló ti kó jọ. Kò kàn rí àyè sọ ọ́ ni. Ẹ máa bi í ní ohun tó fẹ́, kẹ́ ẹ sì dúró. Ẹ máa ka ení, èjì nínú yín títí dé mẹ́wàá. Ẹ máa pè é lórúkọ, torí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ Berthe."

"Kí n pe ìyá ọkọ mi lórúkọ?"

"Tó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yín." Ó wá fojú le. "Màá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé kò sí àìsàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ, Kútọnu máa sàn fún un ju ọ̀dọ̀ yín lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò kúnlẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Yé... Yé... Yéwándé." Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó gbá mi létí. Mo yọjú. "Kí lo fẹ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà dé ẹ̀sán kí ó tó ní, "Omi."

Mo jó jáde dé ojú títì, mo gbàgbé omi náà.

"Omi dà?" ni ó ké tẹ̀lé mi. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn!

Séverin dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ìwé Màdáàmù lápò, tó ní kó bi ọmọ fúnra rẹ̀ níbi tó fẹ́ gbé. Rélùwéè kò ní pẹ́ yí padà, kò tiẹ̀ bọ́ fìlà. Ó lóṣòó síwájú ọmọ tó ń jẹ àkàrà.

"Yéwándé, ṣé wàá lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Huguette ní Kútọnu, àbí wàá dúró síbí?" Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ má dáhùn o."

Mo ki etí ìró mi bọnu, mo fi eyín há a mọ́lẹ̀. Ìdáhùn tó wà lọ́fun mi gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná. Mo kà dé mẹ́wàá, mo kà dé ogún, mo ṣì í kà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń jẹnu wọ́mú-wọ́mú, ó ń wo bàtà bàbá rẹ̀. Rélùwéè fọn fèrè ní ìsàlẹ̀ ìlú.

"Bàbá, máa lọ," ni ó wí. "Rélùwéè ń pè ẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ń jẹun níbí."

Séverin dìde, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti dáhùn, Màmá. Ó dúró." Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń kígbe kí wọ́n dúró de òun. Ọmọ na ọrùn wò ó títí dé ìyànà.

"Ó máa ṣubú," ni ó wí.

Ó sì ṣubú lóòótọ́.