Kókó Tí Roqeeb Ta

Báàlù tó ń gbé Roqeeb bọ̀ láti Kánò já lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń fọ̀nà han awakọ̀ nínú ìkùukùu dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tìrélà tó kó tòmátì rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ọjà Mile 12 l'Ékòó ní àlàáfíà.

Màríyámọ̀, ìyá rẹ̀, wà níbẹ̀. Àwọn ẹbí ní kó jókòó sílé. Kò gbà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló ra ọjà yẹn.

Abdulrauf, awakọ̀ ará Ìlọrin, fò sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì ló fi wà lójú ọ̀nà. Kò ní fóònù, rédíò ọkọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

"Ìyá Roqeeb! Òyìnbó yín dà? Ó fi mí ṣẹ̀sín ní Kánò. Ó ní kí n tó dé Jẹ́bà, òun á ti jẹ ẹ̀bà yín tán, òun á ti sùn!"

Àjọkẹ́ aláta fà á lápá, ó sọ ọ́ sí i létí. Abdulrauf di orí mú, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí," ló ń wí. "Ọdún mẹ́ta gbáko."

"Èmi ni mo ní kó má wọ tìrélà mọ́," Màríyámọ̀ wí. "Mo ní olè wà lọ́nà. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ̀rù báàlù ń bà mí.' Mo ní tí kò bá wọ̀ ọ́, kó má pè mí ní ìyá mọ́."



Àwọn aláàárù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ogójì. Ìró àtijọ́ Màríyámọ̀ ni Roqeeb fà ya, tó fi di ẹnu wọn, kí ọjà wọn má baà pò mọ́ ti ẹlòmíràn. Kókó rẹ̀ le. Àwọn oníbàárà máa ń bú u.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀bẹ gé e, Ìyá," Àjọkẹ́ wí. "Tòmátì ò ní dúró dè wá."

"Ẹ gé e. Ẹ tà á. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi."

Wọn ò rí òkú Roqeeb wẹ̀, ká má tíì sọ pé wọ́n sin ín. Apẹ̀rẹ̀ yẹn ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màríyámọ̀ ní Kétu. Nígbà tó máa fi di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, omi pupa ti ń sun lábẹ́ rẹ̀, àwọn ará ilé ń dí imú. Ááfà fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e dà nù.

Màríyámọ̀ rù ú dé ààtàn. Ó fẹ́ tú kókó náà, kó mú àkísà yẹn nìkan padà. Kò tú. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lò ó. Ó fi apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ bí Roqeeb ṣe dì í, ó sì padà sí ilé tí kò sí ẹni tó máa pè é ní Mọ́mì mọ́.