Ewúrẹ́ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Abẹ fún Mi

Màámi, ẹ jókòó ná. Bàbá Tiwa, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn sílẹ̀. Mo lá àlá kan mọ́jú òní, inú ṣì ń bí mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òní ni wọ́n fẹ́ la abẹ́ itan mi ní ọsibítù, nítorí kókó tó yọ síbẹ̀ látìgbà tí mo ti bímọ. Wọ́n ní ìpá ni. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lójú àlá, mo dé ọsibítù, mo bá ọ́fíìsì ọ̀gá dókítà lókè igi máńgòrò, ọ́fíìsì náà ń fò kiri. Mo di okùn tó so mọ́ ọn mú, mo gun òkè lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Bí mo ṣe wọlé báyìí ni kókó náà kí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ọmú ni mí. Mo kàn ṣìnà ni."

Dókítà ò gbójú sókè. Wọ́n ní ọmú kì í hù síbẹ̀. Mo ní tí ọmọ bá ti ń mu ọmú ló máa ń le, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ọmọ ọdún méjìlélógún bíi tèmi, kí ni mo mọ̀. Inú bí mi débi pé àga tí mo jókòó lé bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ibẹ̀ ni irun ti bo dókítà, ìwo yọ. Wọ́n di abo ewúrẹ́, kóòtù funfun wọn ṣì wà lọ́rùn. Ọmọ ewúrẹ́ méjì gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ki orí bọ abẹ́ itan dókítà, wọ́n ń mu wàrà.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń mu lábẹ́ yín yẹn, sà?"

"Ìpá ni." Dókítà ń jẹ àpọ̀jẹ, wọ́n ń pọ́n abẹ.

Mo gbá wọn létí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo gbá wọn létí dáadáa.

Ẹ ó ní àlá gọ̀. Ó gọ̀, àmọ́ kò gọ̀ tó dókítà yẹn. Igbe Tiwa ló jí mi, mo gbé e sọ́mú. Bó ṣe ń mu ún, kókó náà ń le. Ó ṣì le báyìí. Tí wọ́n bá yẹ̀ mí wò, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀, tó bá jẹ́ ìpá, èmi fúnra mi ni màá gun tábìlì iṣẹ́ abẹ wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò lọ.

Màámi, ẹ̀yin lẹ bímọ márùn-ún. Ẹ sọ báàgì ọsibítù yẹn kalẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ kàn án.