Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Ajarat

Tí òórùn iṣu tuntun bá ti kan Nọ́ọ̀sì Àpínkẹ́ nímú, ọdún 1972 ni ọkàn rẹ̀ máa ń sáré padà sí. Kétu ìgbà náà kì í ṣe Kétu tí ẹ mọ̀ yìí o. Bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì Ìkòròdú, oko ẹ̀gẹ́ ló kù, àti àwọn ilé tí wọ́n jìnnà síra. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Àpínkẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí àìsàn tí kò ní í gbọ́rọ̀ sí òun lẹ́nu. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìkòsì ni pé kó máa lọ tọ́jú àwọn tí ọsibítù bá ti dá padà sílé. Ẹni àkọ́kọ́ tó kàn án ni Bàbá Shittu, oníṣu tí gbogbo Kétu ń pè ní Bàbá Ajarat, torí Ajarat nìkan lọmọ tí Ọlọ́run dá sí fún un. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gbé bàbá náà ṣánlẹ̀ láàárín òkìtì iṣu. Ó lo oṣù kan ní ọsibítù, ó sì padà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ọwọ́ ọ̀tún kò mira mọ́.

Èyí tó wá burú ni pé kò jẹun. Bí ìyàwó rẹ̀, Modinat, bá fẹ́ fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, á ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Àpínkẹ́ yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ bàbá tó tó bí i lọ́mọ.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Bàbá kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kẹta ló bá wọn nídìí oúnjẹ. Modinat gbé iyán kalẹ̀, ó fọ ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀, ó sì tì í sínú àwo. Omi lé ròrò lójú bàbá. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé Àpínkẹ́, ojú sì tì í. Ọgọ́ta ọdún ni bàbá yìí ti ń jẹun, kò fi ọwọ́ òsì kan oúnjẹ rí.

Àpínkẹ́ bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó fọ ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó sì bu òkèlè.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀gbin ni, Bàbá, a ti jọ di ẹlẹ́gbin nìyẹn."

Bàbá wò ó títí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó wọ́. "Lóṣù tó kọjá, ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba ọ̀tún. Èmi nìkan ló wá kù sí òsì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi tutù, bàbá sì jẹ iyán náà tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ló tó sọ ohun tó ń dà á láàmú. Wọ́n fẹ́ so yìgì Ajarat kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó ku oṣù mẹ́rin. Nínú ìdílé wọn, bàbá ló ń gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọmọ lórí, á wúre fún un, kó tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́.

"Ọwọ́ òsì kọ́ ni màá fi sin ọmọ mi, Nọ́ọ̀sì. Bí kò bá ti ṣe ọ̀tún, kí wọ́n kúkú má so ó."

"Ọwọ́ ọ̀tún yín á dé orí rẹ̀, Bàbá. Mo ṣèlérí."

Mummy Fadékẹ́, ọ̀gá rẹ̀, ti kìlọ̀ fún un pé nọ́ọ̀sì kì í ṣèlérí ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀.

Iṣu ni wọ́n fi ṣe é. Láràárọ̀, Àpínkẹ́ á fi ègé iṣu kékeré sí bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún, á ká àwọn ìka rẹ̀ bò ó níkọ̀ọ̀kan, á wá máa pariwo pé, "Ẹ dì í mú, Bàbá! Ẹ má jẹ́ kó bọ́!" Yóò bọ́, wọn á tún un mú. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ títí, wọ́n sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì Ẹ-dì-í-mú. Nígbà tí iṣu tuntun fi dé, bàbá ti ń di odindi iṣu mú. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Èjìká nìkan ló kọ̀ tí kò gbọ́ràn.

Ọjọ́ yìgì pé. Ajarat kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún gbéra lórí itan, ó gbọ̀n, ó padà balẹ̀. Bàbá tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn bò ó. Ìlérí ọjọ́sí ń gún Àpínkẹ́ láyà níbi tó dúró sí, ó ń ṣe é bíi kó sáré lọ bá a gbé ọwọ́ náà sókè.

Àfi bí Ajarat ṣe fi eékún wọ́ síwájú. Ó tẹ orí ba dé itan bàbá rẹ̀, ó sì fi orí ara rẹ̀ gbé ọwọ́ náà.

Bàbá wúre, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Nígbà tó parí, ààfáà ní ó tó, ọkọ ń dúró. Ọwọ́ kò kúrò. Àwọn ìka bàbá ti di ìborùn ọmọ náà mú, bí bàbá sì ṣe ń fa ọwọ́ náà ni wọ́n túbọ̀ ń le sí i. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín pé Bàbá ò fẹ́ kó lọ. Àpínkẹ́ nìkan ló rí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ ọ ní dídìmú. Kò kọ́ ọ ní fífi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó kúnlẹ̀ tì í, ó rọra tẹ ọrùn ọwọ́ náà sínú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ẹ rọra."

"Àpínkẹ́," bàbá wí. Kò fi Nọ́ọ̀sì kún un lọ́jọ́ náà. "Èyí lo ò kọ́ mi."

Àwọn ìka náà ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn tú, ìborùn bọ́, ọ̀nà là fún Ajarat láti dìde. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé orí kúrò lábẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀.