Ẹja Tí Bùsàrí Fi Okùn Bíríkìlà Mú

“Ẹja tí mo mú lónìí, bí mo bá gbé orí rẹ̀ lé bíríìjì Ajah, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á máa yà fún ìrù rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sín, omi òkun fà sẹ́yìn, mo rí ìsàlẹ̀ òkun gbẹrẹgẹdẹ, mo rí obìnrin kan tó ń ta gúgúrú níbẹ̀. Mo kí i, ó sì dáhùn!”

Bùsàrí bíríkìlà ló ń sọ̀rọ̀ yìí o, lójúde ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Addo. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, iyanrìn etí òkun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ohùn ọkùnrin yìí, bó bá sín ní Addo, àwọn ará Badore ni yóò kí i pé ó kú ewu. Tájù, ayálégbé ẹgbẹ́ wọn tó ń wa korópé láti Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́, gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbọ́ ọ.

“Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí, ẹja náà dà?”

“Ó ti lọ! Ó gbé okùn mi mì tán, ó ní kí n kí yín nílé. Ọmọ rẹ̀ ni mo mú bọ̀.”

Ló bá na láílọ́ọ̀nù dúdú kan sí Fèyíkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Fèyíkẹ́ tú u. Títùs ló wà nínú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ra gbagidi, èèyàn lè fi wọ́n mọ ògiri.

“Bàbá Fikáyọ̀, ẹja tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú òkun, kí ni yìnyín ń wá níkùn rẹ̀?”

“Òkun tutù lónìí, ìyàwó mi. Àwọn ẹja gan-an wọ súwẹ́tà.”

Tájù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Fèyíkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ó gbé ẹja wọlé, ó jókòó ti ìkòkò.

Kì í ṣe ẹja ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà òjò tó kọjá, Bùsàrí ń jágbe mọ́ lébírà kan tó bu omi pọ̀ jù sínú kọnkéré, bí ayé ṣe yí mọ́ ọn lójú nìyẹn, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbàgà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ẹ̀rọ wò.

“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń sáré ju mọ́tò ẹ̀spírẹ́sì lọ. Oògùn nìkan kò lè dá a dúró. Ẹ wá nǹkan tí ẹ ó máa fọwọ́ ṣe, tí kì í ṣe iṣẹ́, tí kò ní í mú yín pariwo. Ní Sátidé, ẹ má kọ́lé ẹnikẹ́ni.”

Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ fún bàbá tó bí Fèyíkẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí bàbá sinmi, bàbá ní òun ti gbọ́, ó sì ń yọ́ lọ sóko. Oko náà ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wálé.

Bùsàrí kọ́kọ́ gbìyànjú ayò. Ọjọ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó da ọpọ́n nù, ọmọ ayò kan ṣì wà lórí páànù ilé di òní. Ó ra rédíò kó lè máa fi gbọ́ orin jẹ́jẹ́. Ìròyìn ló bá pàdé, ó sì bá ẹni tó ń kà á jà títí bátìrì fi bẹ̀bẹ̀. Ìgbà náà ló kéde pé òun ti rí ohun ìtura: òun á máa lọ dẹ ìwọ̀ létí òkun ní Eléko.

Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ ń balẹ̀. Ó ń sùn dáadáa, igbe rẹ̀ kò tún dún jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n Fèyíkẹ́ ti wo inú báàgì tó máa ń gbé lọ. Okùn aláwọ̀ ọsàn tí àwọn bíríkìlà máa ń nà kí ìlà búlọ́ọ̀kù má bàa wọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì náà wà níbẹ̀, igi olómi tí wọ́n fi ń wò bóyá ògiri dọ́gba. Ká ní okùn nìkan ni, ó lè gbà. Ẹni tó ń lọ mú ẹja, kí ló fẹ́ fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ṣe? Ṣé ó fẹ́ wò bóyá òkun tẹ́jú ni? Rárá o. Ilé ẹnì kan ló ń kọ́ ní Eléko. Òun náà ń yọ́ lọ sóko bíi bàbá.

Nígbà tí Sátidé tún pé, tí Bùsàrí jáde tán, Fèyíkẹ́ wọ korópé Tájù.

“Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá wọn gbé ẹja ni?” ni Tájù ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

“Wa mọ́tò rẹ, jàre.”

Tájù rí ojú rẹ̀, ó ṣíná mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé Eléko, ó páàkì, ó tẹ̀ lé e. Fèyíkẹ́ kò wo òkun. Ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì ló ń wá. Ó dé ibi òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí wọ́n ń mọ ọgbà rẹ̀, ó béèrè, wọn kò mọ Bùsàrí. Ó dúró, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ igbe kankan, ẹ̀rù sì wá bà á gan-an, torí ibi tí Bùsàrí bá wà, tí a kò gbọ́ ọ, àfi kó jẹ́ pé ó ti dákú.

Nísàlẹ̀ igi àgbọn kan, àwọn ìyá ìjọ aláṣọ funfun jókòó lórí ẹní, láìwọ bàtà, wọ́n ń fi òwú hun fìlà ọmọdé. Láàrin aṣọ funfun yìí, síńgílẹ́ẹ̀tì kan tí sìmẹ́ńtì ti sọ di eérú wà níbẹ̀. Bùsàrí ni. Òun náà bọ́ bàtà. Ẹnu rẹ̀ pa dé, ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi okùn ọsàn hun nǹkan. Ó gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lé e, ó di ojú kan, ó mi orí, ó tú ìlà kan.

“Bùsàrí,” ni àgbà inú wọn, Màmá Adétutù, wí, “ìdí àpò la ti ń bẹ̀rẹ̀. O gbé igun mẹ́rin dìde, o wá ń kún àárín rẹ̀ bí ẹni ń mọ ògiri. Ìdí rẹ̀ dà?”

“Màmá, kò sí bíríkìlà tó ń mọ ilẹ̀. Orí ilẹ̀ la ń mọlé sí.”

“Ihò ẹ̀gbẹ́ yìí ńkọ́?”

“Fèrèsé ni. Kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ata ìyàwó mi, bó bá ti ọjà dé.”

Fèyíkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. Tájù ni kò lè mú un mọ́ra.

“Bọ̀ọ̀dá Bùsàrí! Ẹja yín mà ní fèrèsé o!”

Bùsàrí gbójú sókè. Ó rí Tájù. Ó rí ìyàwó rẹ̀.

“Àwọ̀n ni!” ló ké. “Àwọ̀n ẹja ni! Èyí tó gbé okùn mi mì lọ́jọ́sí ni mo ń dẹ ẹ́ dè!”

“Ẹja wo?” ni Màmá Adétutù wí. “Ọmọ yìí kò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan omi rí. Ìgbì ń bà á lẹ́rù. Bó bá ti fẹ́ lọlé ló máa ń yà ra Títùs.”

Fèyíkẹ́ súnmọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Mo rò pé ilé lẹ ń kọ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe gbé bàbá mi wálé ni wọn ó ṣe gbé yín wá bá mi. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

Bùsàrí rẹ ohùn sílẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀kíní láyé rẹ̀ nìyẹn. “Kí n ní mò ń hun àpò? Kí Tájù gbọ́? Gbogbo sáìtì láti Sangotedo dé Lekki á máa pè mí ní Àǹtí.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Fèyíkẹ́, bí mo bá ti ń ka ìlà yìí, mi ò gbọ́ ariwo kankan nínú orí mi. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń rìn, kò sáré mọ́.”

Fèyíkẹ́ gba àpò aláìnídìí náà, ó gbé e mọ́ àyà.

“Àǹtí Bùsàrí!” ni Tájù ké. “Ẹ bá èmi náà hun tèmi, kí ẹ fi ilẹ̀kùn sí i!”

Àwọn ìyá aláṣọ funfun bú sẹ́rìn-ín. Bùsàrí fò dìde bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Kò mú bàtà, kò mú lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, eré ló bá bọ́ sí i, ó doríkọ ọ̀nà ẹ̀spírẹ́sì. Ó gbàgbé pé ìyókù okùn wà ní àpò ṣòkòtò òun, àti pé orí okùn ṣì so mọ́ àpò tó wà lọ́wọ́ Fèyíkẹ́. Okùn ọsàn ń tú lẹ́yìn rẹ̀ lórí iyanrìn, ṣàràrà, ó ń lọ, ó ń lọ.

“Tájù, bá mi dì í mú!” ni Fèyíkẹ́ ń ké, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dìde. “Ẹja mi ti jẹ ìwọ̀!”