Ejò Tí Wọ́n Ní Ó Ń Gbààwẹ̀

Bí Àlàájì Sàláhúdéènì bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Kejetia ní Kumasi, láàárín abọ́ tánganran tí wọ́n tò dé àjà, ọ̀rọ̀ méjì ni kì í tán lẹ́nu rẹ̀: Mẹ́kà tó lọ, àti ejò tó ń sìn. Oníbàárà tí kò tíì gbọ́ ti Mẹ́kà á gbọ́ ọ kó tó gbé abọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti gbọ́ ọ, ti ejò ló kù fún un.

Mọ̀nàmọ́ná ni ejò náà, kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ni yóò ká jọ, tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀. Hàbíbà ni Àlàájì sọ ọ́. Kí wọ́n tó já ọmú lẹ́nu Tòyíbàt ọmọ rẹ̀ ni Hàbíbà ti wà nínú ilé, Tòyíbàt sì ti di obìnrin tó ń bá bàbá rẹ̀ tajà báyìí. Bàbá ló ni ejò, ọmọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Tòyíbàt ló ń wá eku fún un, òun ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀, òun ló mọ̀ pé bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú bí ojú dígí eléruku, awọ ló fẹ́ bọ́, kí èèyàn fi í lọ́rùn sílẹ̀. Iṣẹ́ ti Àlàájì ni kó gbé e kọ́ ọrùn bí àlejò bá dé.

Lọ́dún kan, Hàbíbà kọ oúnjẹ nígbà ọyẹ́, bí irú rẹ̀ ti máa ń ṣe, kò sì tíì jẹun tí oṣù Ràmàdáánì fi lé. Àlàájì dìde ní mọ́ṣáláṣí lójú gbogbo jàmáà, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń mu kókó lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án, ejò mi ń gbààwẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kábàrá, “Allahu Akbar!” Kábàrá yẹn wọ Àlàájì lára. Láti ọdún náà, bí oṣù ààwẹ̀ bá ti lé, á ní kí Tòyíbàt má fún ejò lóúnjẹ, kí ọ̀rọ̀ àgbà má baà di irọ́.

Ìgbà tó yá, wọ́n fẹ́ fi Àlàájì jẹ Bàbá Àdínì. Àwọn àgbà bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé láwàní àti ejò kò lè jọ gbé ara kan. Àlàájì ronú títí, ó mú láwàní. Ìsmáílà, tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Anloga Junction, ló ní òun yóò gba ejò. Òun náà ti ń wá nǹkan tí àlejò yóò máa wá wò nílé òun.

Lọ́jọ́ tó wá gbé e, Tòyíbàt ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tó móoru ni kí ẹ gbé e sí o. Ẹ wá ihò kan tó ṣókùnkùn fún un, tó lè sá sí. Ẹ má sì jẹ́ kí èèyàn máa gbé e kiri.”

“Bí kò bá wá jẹun ńkọ́?”

Kí Tòyíbàt tó la ẹnu, bàbá rẹ̀ ti dáhùn. “Bí kò bá jẹun, ààwẹ̀ nàáfílà, èyí tí kò pọn dandan, ló ń gbà. Kí ìwọ náà máa bá a gbà á, wo ikùn rẹ.”

Ìsmáílà kan àpótí mahogany onídígí fún un, ó gbé e sí pálọ̀, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí àlejò kò gbọdọ̀ làágùn. Ihò tó ṣókùnkùn kò sí níbẹ̀. Ta ni yóò wá wo òkùnkùn?

Nígbà òjò, tí Kumasi fúnra rẹ̀ ti tutù, Tòyíbàt lọ wò ó. Ó bá èèyàn tó wá wo ejò tó ń gbààwẹ̀ kún pálọ̀. Hàbíbà ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń hó níbẹ̀, bó sì ti ń mí ni ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé.

“Òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà,” ni Tòyíbàt wí. “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń mí?”

“Sìkírì ló ń ṣe, orúkọ Ọlọ́run ló ń pè,” bàbá kan tó jókòó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú dá a lóhùn.

“Ẹ̀gbọ́n Ìsmáílà, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ààwẹ̀ kọ́ ni.”

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ju bàbá rẹ lọ? Lójú jàmáà ló sọ ọ́. Bí Àlàájì bá fẹnu ara rẹ̀ ní kì í ṣe ààwẹ̀, máa gbé e lọ lẹ́sẹ̀ kan náà.”

Tòyíbàt délé, ó kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà níwájú dígí, ó ń tún láwàní wé.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ sọ pé ẹ̀fẹ̀ lẹ ṣe.”

“Ẹ̀fẹ̀ kẹ̀? Níwájú Ìmáàmù? Kí wọ́n wá máa sọ ní àdúgbò Asafo pé irọ́ ni Bàbá Àdínì fi ń gbààwẹ̀?”

“Yóò kú, Bàbá.”

Ó tú láwàní, ó tún un wé. “Jẹ́ ká lọ.”

Bí wọ́n ti wọlé ni gbogbo pálọ̀ dìde, wọ́n kábàrá. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí. Hàbíbà kò gbé orí. Tòyíbàt rí i tí ètè bàbá rẹ̀ mì, tí ojú rẹ̀ fà ro, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu.

“Àlàájì,” ni Ìsmáílà wí, “ẹ bá wa là á yé Tòyíbàt.”

Àlàájì wo àwọn èèyàn. “Ìsmáílà,” ló sọ, “òtútù pálọ̀ yìí pọ̀ jù… fún àgbàlagbà.”

“Ẹ foríjì mí, Àlàájì,” ni Ìsmáílà wí. Ó sáré gbé àga kan kúrò lójú atẹ́gùn, ó gbé e fún Àlàájì sí ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí oòrùn díẹ̀ wà. Àlàájì jókòó, ó dúpẹ́. Ẹ̀rọ ń fẹ́ lórí àpótí.

Kò pẹ́ tí Hàbíbà fi kú. Ìsmáílà ní inú ààwẹ̀ ló kú sí. Àwọn èèyàn ń ya ṣọ́ọ̀bù, wọn kò kẹ́dùn, ṣe ni wọ́n ń bá Àlàájì yọ̀ pé ẹran ọ̀sìn rẹ̀ rí ikú rere. Ó ń ṣe àmín fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ dá, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó títí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bá òun kẹ́dùn.

Obìnrin oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tòyíbàt yíjú kúrò lára bàbá rẹ̀, ó bi obìnrin náà bóyá abọ́ ńlá ló fẹ́ ni, àbí kékeré.